Ẹrù Ló Pọ̀n, Kì Í Ṣe Ọmọ

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé ara wa: èmi kì í ṣe olófòófó. Ojú ọ̀nà ni fèrèsé yàrá mi kọjú sí, etí mi sì dára. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ bá ń kọjá lọ tó sì yà sọ́dọ̀ mi, ṣé kí n lé e jáde ni?

Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni, kí Kòrónà tó dé. Ọyẹ́ ti mú gbogbo Ọ̀wọ̀, ètè wa ti là, kálukú ń fi òrí pa ẹsẹ̀ ní agbo ilé wa ní Ìlóró. Ibi tí mo ti ń pa tèmi ni mo ti ṣí fóònù, ni mo bá rí fọ́tò tí àbígbẹ̀yìn Ìyá Ẹlẹ́ja gbé sórí WhatsApp. Ọmọbìnrin yìí ń kàwé ní Vienna, olú-ìlú Ọ́sítríà. Ó dúró ní ibùdókọ̀ rélùweè, ó wọ kóòtù tó fẹ̀ bí àgọ́ olórò, ó sì gbé ẹrù kan tó ga ju orí rẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀rín ló sì ń rín.

Mo kàn bi ìyàwó Káfíńtà pé ṣé òun náà rí i. Ìbéèrè lásán ni o! Kó tó di aago mẹ́wàá, wọ́n ti ní onílé ti da ẹrù ọmọ náà síta. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó ti di pé ìjọba òyìnbó ló lé e, ó sì ti ń fẹsẹ̀ gba aṣálẹ̀ bọ̀ wálé. Mo ní àwọn èèyàn ń gba aṣálẹ̀ lọ sí Yúróòpù ni mo máa ń gbọ́, ta ló ń gbà á bọ̀? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, alágbàfọ̀ tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa búra pé kì í ṣe ẹrù ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ló pọ̀n. Mo ní, "Ọmọ wo ló ga tó báyìí?" Ó ní òyìnbó ni bàbá ọmọ, wọ́n máa ń ga.

Ìyá Ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ ló wá là á fún wa lójú àdògán. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi Kérésìmesì, ọmọ náà sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Interrail. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn tó ń gbé Yúróòpù, ẹ̀dínwó sì wà fún ọ̀dọ́. Kò ṣe dandan kéèyàn jẹ́ ọmọ ibẹ̀, bó bá ṣáà ti ní ìwé ìgbélùú. Ó fẹ́ ti Vienna lọ sí Róòmù, láti Róòmù sí Munich, láti Munich sí Ulm, láti Ulm sí Berlin, kó tó padà. Ojú irin ni yóò gbà délẹ̀délẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja bi í lórí fóònù lójú wa pé, "Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan ni, Màmá."

Bí ẹ bá ti rí ojú Ìyá Ẹlẹ́ja! Ó ní, "Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé." Ìyàwó Káfíńtà dáhùn pé, "Ẹ mà ṣeun." Mo kíyè sí i pé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ lọ́sàn-án náà ló ń mi orí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ẹsẹ̀ kan yà díẹ̀. Ìlú wa yìí kò ní ojú irin rí. Àwọn ará Ìbàdàn ti ń gbọ́ fèrè rélùweè láti ọdún 1901. Nígbà tí ìjọba tún ṣe tuntun, láti Èkó sí Ìbàdàn náà ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021. Àwa ní Ọ̀wọ̀, ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni tiwa: ẹni mẹ́rin lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta, adìyẹ lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí sì ń wàásù lórí wa. Ta ló lè dá nìkan rìn nínú ìyẹn? Kí ẹ tó dé Àkúrẹ́ ẹ ti mọ orúkọ ọkọ ẹni tó jókòó tì yín, ẹ sì ti mọ ìdí tó fi kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí "èmi nìkan" fi dà bí ọ̀rọ̀ wèrè létí wa.

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹn-ẹ́n, ẹ̀rù tó ń ba Ìyá Ẹlẹ́ja; òtútù tún kún un.

Kò sẹ́ni tó mọ òtútù ju Ìyá Ẹlẹ́ja lọ ní gbogbo Ìlóró. Ẹja yìnyín ló ń tà: Títúsì, Kótè, Pánlá, Ṣáwà. Fírísà mẹ́ta ló ní, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ló máa ń jí wa láàárọ̀. Ọmọ náà wá sọ fún un pé Munich lè fi ìwọ̀n méje lọ sí ìsàlẹ̀ òdo lóru. Ìyá Ẹlẹ́ja ní kí ni ń jẹ́ ìsàlẹ̀ òdo. Bàbá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé yàrá kẹta, ṣàlàyé pé orí òdo ni omi ti ń di yìnyín, àti pé fírísà tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń dé méjìdínlógún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja dìde láìsọ̀rọ̀. Ó ṣí fírísà, ó ti ọwọ́ bọ àárín àwọn Títúsì dé ìgúnpá, ó ní kí n máa kà. Mo kà á dé márùndínlọ́gbọ̀n, oníbàárà kan kí mi, mo dá a lóhùn, mo gbàgbé ibi tí mo kà á dé, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Nígbà tó fa ọwọ́ yọ, kò lè ká ìka. Ó jókòó sórí páálí ẹja, ó ní, "Ọmọ mi ti di Títúsì."

Ọmọ ọ̀hún nìyí o, ó jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n mú móoru, ó ti bọ́ kóòtù, ó ń jẹ búrẹ́dì!

Bàbá Tíṣà ló pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Ó ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní ṣé àwa tí a máa ń pe alárìnká ní Àjàlá mọ̀ pé èèyàn gidi ni? Ọlábísí Àjàlá gun alùpùpù Vespa kọjá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1963. Ó tún sọ ti ọmọ Tógò kan, Tété-Michel Kpomassie. Ọmọ yìí gun àgbọn, ó bá erè lókè, ó já bọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá olórìṣà erè kó lè tọ́jú rẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú ni pé kó wá di ìránṣẹ́ òrìṣà náà. Láàárín ìgbà yẹn ló rí ìwé kan ní Lọmé nípa Greenland, ilẹ̀ yìnyín tí kò ní igi, tí kò sì ní ejò. Ó ní ibẹ̀ ni òun ń lọ! Ó sá nílé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan kó tó bọ́ sí òmíràn, ó gba Faransé, ó gba Jámánì àti Dẹ́nímáàkì. Ìrìn náà gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ kó tó fẹsẹ̀ kan Greenland ní 1965. Òun nìkan ni.

Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá Ẹlẹ́ja ní, "Ó dáa, ọkùnrin ni àwọn wọ̀nyẹn." Ọdún 2019 là ń sọ yìí, a kò tíì mọ̀ pé ní 2024 Pelumi Nubi yóò wa mọ́tò kékeré láti Lọ́ndọ̀nù dé Èkó, òun obìnrin, òun nìkan. Ká ní a ti mọ̀ ni, Bàbá Tíṣà ì bá fi í pa á lẹ́nu mọ́.

Ìpè tó tẹ̀lé e ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ọmọ náà ní òru ni òun fi rin ọ̀nà Róòmù, nínú ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ rélùweè Ọ́sítríà ń pè ní Nightjet. Yàrá kékeré ni, ibùsùn mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, wọ́n tò léra wọn bí pẹpẹ ìsọ̀.

"Àwọn wo ni ẹni márùn-ún yòókù?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n rí, Màmá."

Ọbẹ̀ mi wà lórí iná, ibẹ̀ ni mo gbọ́ dé tí mo fi sáré wọlé. Ṣé ẹ̀bi mi ni? Mo kàn sọ ìwọ̀nba tí mo gbọ́ fún ẹni méjì. Ọ̀la rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ní yàrá obìnrin nìkan, òun ló sì gbà: ìyá àgbàlagbà méjì àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló bá a sùn. Àmọ́ nígbà náà, àwọn ọkùnrin márùn-ún ti rin Ìlóró já, wọ́n ti dé Ọjà Ọba, ọ̀kan nínú wọn sì ti ní ìyàwó nílé.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ọmọ náà ní nínú ọkọ̀ rélùweè Jámánì, apá kan wà tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n ya àwòrán ẹni tó fi ìka lé ètè sára gíláàsì. Èèyàn á jókòó wákàtí mẹ́rin, kò ní bi ẹnìkejì rẹ̀ pé ibo lò ń lọ. Mo ní wọ́n ń fìyà jẹ wọ́n ni? Ó ní rárá, Àǹtí, fúnra wọn ni wọ́n ń yan ibẹ̀. Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá Ẹlẹ́ja fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ṣé ìwọ ò mọ Ìgógò ni?" Òótọ́ ló sọ. Bí ọdún Ìgógò wa ní Ọ̀wọ̀ bá dé, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún la fi ń ṣe é, a kì í lùlù, agogo là ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, Ọlọ́wọ̀, ọba wa, fúnra rẹ̀ á dirun bí obìnrin, á sì kó iyùn sára. Nítorí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ni. Ìtàn ní olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ńgẹ́jẹ̀n ni, ó sì ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kì í lọ ilá lójú rẹ̀, a kì í da igi ìdáná sílẹ̀ gbì, a kì í da omi sí àgbàlá. Àṣírí bọ́ sọ́wọ́ àwọn orogún, wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dìde, ó ń lọ, òun nìkan. Ọ̀já orí rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ ní Igbó Ọlájà, níbi tí Ekpo Eyo ti wá hú àwọn ère amọ̀ àtijọ́ jáde ní 1971.

Mo rò ó títí. Obìnrin tó kọ́kọ́ dá nìkan rìn tí a gbọ́ ìtàn rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ẹnu ló lé e jáde. Odindi ìlú ló sì ń pa ìlù mọ́ lọ́dọọdún nítorí rẹ̀.

Ulm ló wá kan. Ìlú náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ilé ìsìn kan wà níbẹ̀ tí ṣóńṣó rẹ̀ ga tó mítà 161. Ìyẹn kọ́ ló gbé ọmọ náà débẹ̀. Ọpọ́n Ifá ló wá wò. Bẹ́ẹ̀ ni, ọpọ́n Ifá! Oníṣòwò ará Ulm kan, Christoph Weickmann, ló kó o mọ́ àwọn ohun àràmàǹdà rẹ̀, ó sì wà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde nípa wọn ní ọdún 1659. Láti Àlàdà ló ti wá, ní ilẹ̀ Benin òní. Ó wà lára àwọn ọpọ́n Ifá tó pẹ́ jù lọ tó ṣẹ́kù láyé.

Ọmọ náà fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá Ẹlẹ́ja wò ó, ó wò ó, ó wá bèèrè pé, "Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Ọmọ náà ní kò sí o, Màmá, inú gíláàsì ló wà. Ìyá Ẹlẹ́ja nu ojú. Ó ní, "Ó ti lo ọdún 360 nínú òtútù yẹn. Ó dáa bí o ṣe yà kí i."

Láti ọjọ́ yẹn kò tún bèèrè "ìwọ àti ta ni" mọ́. Ọmọ náà lọ sí Berlin, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó padà sí Vienna lálàáfíà. Ìlú mẹ́rin ló fẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Ẹnu wa ní agbo ilé yìí rin ju ogún lọ, a kò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan.

Ìyẹn ló mú mi dán an wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé báàgì ilé ìwé ọmọ ọmọ mi kọ́ ẹ̀yìn, mo wọ ọkọ̀ Ìfọ̀n, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bọ̀. Ó nira ju ààwẹ̀ lọ! Nígbà tí mo máa fi wọlé, ìyàwó Káfíńtà ti ń sọ ọ́ kiri pé mo ti lọ fẹ́ ọkọ ní Ìfọ̀n.

Ẹ bá mi sọ fún wọn: iṣu mẹ́ta ló wà nínú báàgì náà. Wọ́n wà ní ìdí àdògán mi. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá kà wọ́n.