Gbẹ́nugbẹ́nu Dà?

Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ parí sí àti ibi tí ti ẹnu ti bẹ̀rẹ̀. Agbẹ́gilére á kó àáké àti ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀, á gbọn èérún igi dànù lára, á lọ mu omi. Ìgbà náà ni ẹlẹ́nu á dé, á wá fi ẹnu gbẹ́ igi kan náà lẹ́ẹ̀kejì: imú yìí gùn jù, etí kéré, ta ló ní kó gbẹ́ ọmú sí ẹ̀gbẹ́ ejìká? Ẹ̀gún wà nínú òwe náà, mo mọ̀. Ẹni tí kò lè gbẹ́ ọmọ odó, tó wá ń bá oníṣẹ́ ère wíjọ́, la máa ń fi bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Gbígbẹ́ ni òwe pe ti ẹnu náà. Iṣẹ́ ni, ó sì ń fẹ́ irinṣẹ́ tó mú.

Lóde òní, gbẹ́nugbẹ́nu ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Àdúrà ló fi rọ́pò.

Ara mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ni mò ń bú. Akọ̀wé ni mí ní Òṣogbo. Bó bá di ọjọ́ Sátidé, mo máa ń ya àwòrán. N kò kọ́ ọ níbì kankan. Ọ̀dà ilé lásán ni mò ń pò mọ́ sìténà, orí pílááìwúùdù ni mo sì ń kùn ún sí, nítorí owó tí wọ́n ń pe kánfáàsì lè bọ́ ilé fún ọjọ́ mélòó kan. A tó márùn-ún tí àìsàn yìí ń ṣe: Tíṣà tó ń kọ́ni ní ìṣirò, Rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, Bàbá Rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ àbúrò gbogbo wa, àti èmi. Ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù, a ó kó iṣẹ́ wa lọ sí abẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé Bàbá, a ó gbé wọn ti ìdí igi, a ó máa mu mínírà, a ó sì máa wò wọ́n.

Irọ́ ni mo pa. A kì í wò wọ́n.

Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń lọ. Mo gbé àwòrán obìnrin kan tó ń ti odò Ọ̀ṣun bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí dé. Kí n tó tú ìwé ìròyìn tí mo fi wé e tán, Tíṣà ti kígbe: "Háà! Ọwọ́ yín ò ní kan!" Rìwáyà ní orí òun wú. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín ní ọgbọ́n." Bàbá Rélùwéè, tó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sínú ilé, na ọwọ́ sí nǹkan náà láti orí àga: "Ẹ̀yìn rẹ á dára." Mo ń ṣe àmín, àmín, àmín. Bí Yorùbá kò bá rí nǹkan sọ sí iṣẹ́ rẹ, yóò gbàdúrà fún ọ. Àdúrà tí mo gbà lórí obìnrin yẹn tó ti ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún mi bóyá ó tilẹ̀ jọ obìnrin.

Ti orí fóònù tún wá burú jù. Mo ya iṣẹ́ ní fótò, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, àtàǹpàkò mẹ́rin ti nà sókè. Mo sì mọ̀ dájú pé fótò náà kò tíì ṣí lọ́wọ́ Bàbá, nítorí bó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, dátà rẹ̀ kì í tó ṣí fótò mọ́.

Ibi tó ti dùn mí ni pé Òṣogbo la wà. Ní 1962, ní ìlú yìí kan náà, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ilé tí wọ́n ń kọ́ tí wọ́n sì ń kún fún ère ní orúkọ òrìṣà ilẹ̀. Etí Yorùbá gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ di tirẹ̀: m bá rí i, m bá yọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Rírí ló ṣíwájú, ayọ̀ tẹ̀ lé e. Àwa ti yí i sódì. A ti yọ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan kan.

Irú wa náà sì ni àwọn tó lọ síbẹ̀. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń tọ́jú iná fún eré Dúró Ládiípọ̀ (Rìwáyà kì í jẹ́ ká gbàgbé èyí). Ijó ni Twins Seven-Seven ń jó kiri fún ẹni tó ń ta oògùn kó tó yà síbẹ̀. Nígbà tí Georgina Beier kó wọn jọ ní 1964, ọ̀dà wà, pátákó wà, ojú tó ń wo iṣẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan náà wà. Bùráímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ìyẹn sì di ọwọ́ tirẹ̀. Kí ẹ sì tún wo Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Èkó tó ń ya àwòrán bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ní 1906 ló ya Ìyáàfin Spencer Savage. Ó di 1920 kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní London. Àwọn òyìnbó ayé ìgbà náà kò gbàdúrà fún un o. Wọ́n ní aláwọ̀ dúdú kò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. N kò ní kí wọ́n tún padà wá máa bú wa, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kò lè yà á mọ ohun tó ń bá jà. Èmi, àtàǹpàkò ni mo fi ń ka ìlọsíwájú mi.

Nígbà tí gbẹ́nugbẹ́nu kò wá mọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà gba iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Rìwáyà gbé àwòrán róbótó méjì àti ìlà kan dé. Ó pè é ní "Ìrìn-Àjò Ẹ̀mí, Apá Kẹta". A kò rí apá kìn-ín-ní, a kò rí ìkejì. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi ṣàlàyé rẹ̀: ìjọba amúnisìn wà níbẹ̀, àyànmọ́ wà níbẹ̀, oríta mẹ́ta náà dé. Mínírà gbóná mọ́ wa lọ́wọ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń wo róbótó apá òsì. Ìdí agolo ọ̀dà ni. Nígbà tí mo délé, mo gbé agolo tèmi lé ìwé, mo fà á yípo; òun náà ni. Ẹ ò wá bi mí pé kí ni mo sọ lójú agbo? Mo ní, "Rìwáyà, ẹ ò kéré o. Ọlọ́run á gbé yín ga."

Ìyàwó mi nìkan ni kì í gbàdúrà. Ó gbọ́ ní 2018 pé Tutu, àwòrán tí Ben Enwonwu ya nípa Adétútù Adémilúyì, ọmọọba Ifẹ̀, di rírí nínú fúláàtì kan ní London, wọ́n sì tà á ní £1.2 mílíọ̀nù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí: "Bàbá Ìbejì, èyí ńkọ́, èló?" Mo ní ó máa ń di ẹ̀yìn ikú ayàwòrán kí owó tó wọlé. Ó wo àwòrán, ó wò mí, ó tún wo àwòrán.

Ìyàwó ẹlòmíì yàtọ̀: Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀ Èkìtì, kú ní nǹkan bí 1938. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń kì í, ó ń ka iṣẹ́ tó ṣe. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum sì fẹ́ ẹ. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kò gba owó. Ìtẹ́ ọba ló gbà dípò rẹ̀. Ẹni tó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn kan wọlé lójoojúmọ́, ẹ kò lè fi àtàǹpàkò tàn án jẹ.

Obìnrin odò Ọ̀ṣun tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, mo fi ta Nọ́ọ̀sì lọ́rẹ nígbà tó kó lọ sílé tuntun. Ó kúnlẹ̀ gbà á. Ó ní pálọ̀ ni òun máa gbé e kọ́ sí. Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí i, mo bèèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ní kí n gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí i. Orí dúrọ́ọ̀mù omi ló dùbúlẹ̀ sí, ó kọjú sókè, òkúta kan wà láyà rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e.

N kò sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì jáde, ó rí mi, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó kàn ṣe wẹ́kú ẹnu dúrọ́ọ̀mù ni."

Mo ní kò burú.

"Àmọ́ mò ń wò ó o. Bí mo bá ti ń bu omi láàárọ̀, mo máa ń wò ó." Ó gbé òkúta kúrò. "Ọwọ́ òsì obìnrin yìí gùn ju ọ̀tún lọ. Bó bá nà án, á kan kókósẹ̀. Ìkòkò yìí náà, bí ẹ ṣe dá a sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, omi inú ẹ̀ ì bá ti dà tán kó tó dé títì. Ojú ọ̀run, ẹ ti kó búlúù jù síbẹ̀; ìgbà tí òjò fọ díẹ̀ kúrò ló tó wá dà bí ọ̀run."

Mo lóṣòó ti dúrọ́ọ̀mù. Mo fi ìka wọn ọwọ́ òsì, mo wọn ọ̀tún. Bó ṣe wí náà ló rí.

Ó ní òjò ti ń já sínú dúrọ́ọ̀mù kejì, kò ní ìdérí. Ó wọlé lọ mú téèpù wá, èmi di orí kan mú, òun fa ìkejì. Ínṣì 24. Ó ní bí n bá ti ń ya ìdérí yìí, kí n jọ̀ọ́, kí n kọ́kọ́ rí sí ọwọ́ òsì.