Gbèsè Ìyá Alága

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní kí n bá wọn wá ohun tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn onígbèsè létí. Mo ní kò sí wàhálà. JavaScript ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ mí lára nígbà náà, mo sì ti ń pe ara mi ní ọ̀gá.

Orúkọ ogójì ló wà nínú ìwé. Mo kọ lúùpù tó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó orúkọ ẹni tó bá kàn sínú var onigbese, mo wá ní kí setTimeout ránṣẹ́ sí ẹni àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹnì kejì lẹ́yìn méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo jókòó, mo ń retí ìyìn.

Ìyá Alága ló kẹ́yìn nínú ìwé, ₦2,000 péré ni wọ́n sì jẹ. Fóònù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dákẹ́ mọ́. Iṣẹ́ ogójì, gbólóhùn kan náà: ẹ jọ̀wọ́, ẹ san ₦2,000 tí ẹ jẹ. Àwọn ajẹgbèsè-má-san gan-an kò rí nǹkan kan gbà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé torí ẹgbẹ̀rún méjì lo ṣe fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ yàrá, bẹ́ẹ̀ orí fóònù la wà.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Irọ́ ni. Ààlà fọ́ńṣàn nìkan ni var mọ̀, kò ka ti lúùpù sí. Onigbese kan ṣoṣo ló wà látòkè délẹ̀, bíi pátákó tí a ń pa orúkọ rẹ́ lójú rẹ̀ ká lè kọ òmíràn. Callback, ìyẹn fọ́ńṣàn tí mo fà lé setTimeout lọ́wọ́, kò mú orúkọ kankan dání, ọ̀nà ibi pátákó nìkan ló mọ̀. JavaScript kì í sì í dá callback lóhùn àfi bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá tán. Ẹ̀ báà kọ òdo síbi àkókò, lúùpù ni yóò kọ́kọ́ parí. Nígbà tí àwọn callback fi máa dé ibi pátákó, orúkọ Ìyá Alága ló kù.

Brendan Eich ṣe èdè yìí lọ́dún 1995. Ọdún 2015 ni let tó wọ inú òfin rẹ̀, òun ló ń ní pátákó tuntun fún ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Mo fi let rọ́pò var. Ó yẹ kí n sinmi níbẹ̀, àbí? Mo ní callback náà ti gùn jù, mo gé e kúrú sí setTimeout(firanse(onigbese), duro). Àkámọ́ ẹ̀yìn firanse yẹn ló tà mí. Dípò kí n fa fọ́ńṣàn náà kalẹ̀ de àkókò, èmi fúnra mi ni mo pè é lójú ẹsẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo fẹ́ kó lọ lọ́tẹ̀ yìí, iye àkókò tó kù dé ibẹ̀ ló wà nínú duro. Aago kan òru ni mò ń kọ ọ́. Bùráúsà kò tiẹ̀ bá mi wí. Kálukú gba iye tirẹ̀ gẹ́lẹ́, lórí ibùsùn.

Akápò ní owó wọlé gan-an lọ́sẹ̀ náà, pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ JavaScript lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, nọ́ńbà tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.