Bọ́jẹ́ẹ̀tì Tí Ìyá Bọ́lá Kọ́kọ́ Kà

Àbúrò mi obìnrin bímọ sí Manchester, ó ní kí n wá kí òun. Ọkàn mi ti wọ bàálù kí n tó rí fọ́ọ̀mù físà. Fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ò mọ àwàdà: èló ni ò ń gbà lóṣù, èló ni ò ń ná, èló lo fi ń gbọ́ bùkátà ẹlòmíì, èló ni ìrìn àjò yìí máa jẹ ọ́? Èmi tí mi ò ṣírò owó ọbẹ̀ rí, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru bíi kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná.

Èrò mi ni pé ẹni tó máa rí físà gbọ́dọ̀ jọ ọlọ́lá. Owó oṣù mi, ₦280,000. Mo kọ ₦150,000 fún oúnjẹ. Mo kọ ₦90,000 fún epo mọ́tò; mọ́tò ọ̀hún ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti èṣí. Mo fi ìgbafẹ́ ₦40,000 sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé mò ń jayé. Níbi bùkátà ẹlòmíì, mo kọ òdo, kí n lè dà bí ẹni tí ẹrù ò sí lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí mo ro ìwọ̀nyí pọ̀ mọ́ àwọn ìnáwó yòókù, ó di ₦455,000. Inú mi dùn gan-an ni. Mi ò wẹ̀yìn wo owó oṣù.

Ó wá ku ìwé àkáǹtì. Ẹ̀gbọ́n mi fi mílíọ̀nù méjì sí i lọ́jọ́ Ẹtì, mo tẹ ìwé oṣù mẹ́fà jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gba owó rẹ̀ padà lọ́sàn-án. Mo rò pé mo gbọ́n. Ìwé yẹn náà ló to gbogbo ohun tí mo ti fi fóònù san síta lábẹ́ mílíọ̀nù méjì: “ankara ìgbéyàwó”, “fìlà òkú”, “àjọ”, “àjọ tó ṣẹ́kù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú”. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì mi, aṣọ jẹ́ ₦5,000.

Mo gbàgbé ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì, Ìyá Bọ́lá, ìyàwó mi, sì rí i.

“Bàbá Bọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ! Ọgọ́ta lẹ ń kó fún mi. Ta ló ń gba àádọ́rùn-ún tó kù?”

Mo ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni.

“Ṣé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń jẹun nílé yìí ni? Ẹ sì ti buwọ́ lù ú.”

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá ti pè: “Ṣé lóòótọ́ ni pé òdo lo kọ síwájú èmi tí mo bí ọ?” Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo san owó oògùn Màmá fún oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Èsì físà dé: wọn ò fún mi. Wọ́n ní àwọn ò mọ bí ẹni tó ń gba ₦280,000 ṣe ń ná ₦455,000, àwọn ò sì mọ ibi tí mílíọ̀nù méjì ti wá. Láti ọdún 2013 ni ẹni tó fẹ́ lọ kí ẹbí ò ti lè pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mọ́, àfi tó bá ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn òun lójú. Mi ò rò pé àìmọ̀ṣírò wà lára ẹ̀tọ́ yẹn.

Ní báyìí, àbúrò mi ló fẹ́ gbé ọmọ wá sí Ìbàdàn. Ó ní kí n bá òun ṣírò iye tí òun máa ná. Ìyá Bọ́lá ti gba bírò lọ́wọ́ mi.