Erin Kọjá, Ìgbìmọ̀ Jókòó

"Àjànàkú kọjá 'mo rí nǹkan fìrí', bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin." Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò dé Àbújá rí. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí erin yóò wọ gbọ̀ngàn ilé aṣòfin lọ́sàn-án gangan, tí yóò tẹ àga mọ́lẹ̀ wómúwómú, tí yóò yàgbẹ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, tí àwọn ọlọ́lá yóò sì wo ara wọn lójú, wọn yóò ní: "Ó dà bíi pé nǹkan kan gba ibí kọjá. Ẹ jẹ́ ká gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wádìí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin." Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò di ọdún mẹ́rin. Ìdìbò yóò dé. Ìgbìmọ̀ tuntun yóò wá jókòó sórí ìgbẹ́ àtijọ́.

Erin tí mò ń wí kò sí nínú igbó. Ó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò yín. Ẹ wo ẹni tí wọ́n jí ọ̀kadà rẹ̀ gbé, tó sáré lọ fẹjọ́ sùn. Lára ògiri tó wà lẹ́yìn kọ́ńtà, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbàgadagba pé béèlì ọ̀fẹ́ ni. Abẹ́ àkọlé yìí gan-an ni ságà ọlọ́pàá jókòó sí.

"Ẹ kú wàhálà, bọ̀dá. Ẹ ní pépà lọ́wọ́?"

"Pépà kẹ̀, ọ̀gá?"

"Èyí tí ẹ máa fi kọ sítétímẹ́ǹtì. Ìyá tó ń ta gúgúrú níta yẹn ní in. Ẹ bá wa ra bírò mọ́ ọn."

Ó ra pépà, ó ra bírò. Ó kọ ọ́ tán, ó ní òun mọ ilé tí wọ́n gbé ọ̀kadà náà lọ. Ságà ní mọ́tò wà, epo ni kò sí. Ó ra epo. Wọ́n mú olè dé, olè ní ebi ń pa òun, gbogbo ojú sì yí sí olówó ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí wọ́n jà lólè ti ṣe mínísítà ètò ìṣúná, ó ti ṣe ti ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ó sì ti bọ́ ẹni tó wà ní sẹ́ẹ̀lì. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni kò tíì dá owó sí ọ̀rọ̀ náà.

Mi ò bú ságà o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá ló ń fi owó ara wọn ra bàtà àti aṣọ iṣẹ́. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú wọn tú jáde ní Àbújá ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2025, òjò ń rọ̀ lé wọn lórí, wọ́n ní kí wọ́n yọ àwọn kúrò nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì àjọdá, nítorí ohun tó ń tìdí rẹ̀ jáde kò tó jẹ. Ọdún 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò kan náà. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá ṣọ́ àwọn àgbàlagbà yìí ṣì ní ọdún díẹ̀ kí ó tó kàn wọ́n.

Ṣé owó ni kò sí ni? Ní oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó dá àkànṣe àpò owó ọlọ́pàá sílẹ̀, ìyẹn Nigeria Police Trust Fund. Òfin náà ní kí wọ́n máa yọ àádọ́ta kọ́bọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan tó bá wọ àpò àjọni ìjọba, fún ọdún mẹ́fà, kí wọ́n fi ra irinṣẹ́, kí wọ́n fi kọ́ ọlọ́pàá níṣẹ́, kí wọ́n sì fi tọ́jú wọn. Èyí yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìṣúná ọdọọdún. Ẹni tó ra pépà lọ́wọ́ ìyá onígúgúrú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé: àádọ́ta kọ́bọ̀ wa dà?

Ẹni tó yẹ kó bá a béèrè wà. Abala 88 àti 89 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ilé aṣòfin lágbára láti pe ẹnikẹ́ni, láti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, láti tú àṣírí ìwà jẹgúdújẹrá àti ìnákúnàá owó. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lo agbára náà nígbà tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá bá wá gbèjà ìṣúná wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá yóò wọlé, fáìlì lẹ́yìn, ìràwọ̀ léjìká. Alága ìgbìmọ̀ yóò kí i káàbọ̀, yóò yìn ín, yóò ní owó tí wọ́n kọ fún un kéré jù, àánú rẹ̀ ń ṣe àwọn. Ọ̀gá yóò ní lóòótọ́ ni, owó kéré. Gbogbo wọn yóò káàánú ara wọn. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé nínú èyí tó kéré náà, èló ló dé àgọ́ tó wà ní Ṣakí, èló ló dé Ìkirè. Bí wọ́n bá tilẹ̀ béèrè, tí ìdáhùn ń bọ̀, wọ́n ní oògùn rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2020, ilé aṣojú-ṣòfin pe mínísítà ọ̀rọ̀ Niger Delta, Godswill Akpabio, lórí owó NDDC, àjọ tó ń mójú tó ìdàgbàsókè agbègbè náà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn aṣòfin gan-an ló ń gba iṣẹ́ àgbàṣe níbẹ̀, wọ́n ní kó tètè pa máìkì. Akpabio náà ló wá di olórí ilé aṣòfin àgbà lọ́dún 2023. Ẹni tí wọ́n pa máìkì mọ́ lẹ́nu ló wá di ẹni tó ń pín máìkì.

Nígbà tí inú bá sì bí wọn lóòótọ́ ńkọ́? Ọdún 2018, ilé aṣòfin àgbà ránṣẹ́ pe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Ibrahim Idris, kó wá ṣàlàyé ìpànìyàn tó gbòde kan àti bí wọ́n ṣe mú sẹ́nétọ̀ Dino Melaye. Kò lọ. Wọ́n tún pè é, kò lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò yọjú. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ilé kéde pé ọ̀tá ìjọba tiwa-n-tiwa ni, kò yẹ lẹ́ni tó ń di ipò ìlú mú. Lẹ́yìn ìkéde náà, Idris padà sẹ́nu iṣẹ́. Ipò yẹn ló wà títí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, nígbà tó tó àsìkò láti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rín tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìwé òfin gbà wọ́n láyè láti fi agbára mú ẹni tó bá kọ ìpè. Àwọn tí ìwé náà sì kọ́kọ́ dárúkọ pé kí wọ́n lọ mú un wá ni ọlọ́pàá.

Kí n má fi gbogbo ẹnu bú wọn. Nígbà tí olùṣàyẹ̀wò owó ìjọba yẹ ìwé ọdún 2019 wò, ó ní 3,907 ìbọn iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ni òun kò ríbi tí wọ́n wọlẹ̀ sí. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú nílé aṣòfin àgbà pe iléeṣẹ́ náà, wọ́n dárúkọ iye rẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní: ìbọn wọ̀nyí dà? Ìyẹn ni kí ènìyàn rí erin kó sọ pé erin ni. Àléébù tó wà níbẹ̀ kò ju pé oṣù kejì ọdún 2025 ni wọ́n béèrè. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ìwé náà ń wí ti wọ ilé ìwé. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fèsì pé ọ̀rọ̀ kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, pé wọ́n gba òmíràn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n pa lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìbọn tó bọ́ sọ́wọ́ jàǹdùkú kò ní dúró de ìjókòó ìgbìmọ̀.

Ẹ fi èyí wé ohun tó ń tètè yá wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu pàṣẹ pé kí wọ́n kó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn ènìyàn ńláńlá, kí wọ́n padà wá ṣọ́ ará ìlú. Kò pé oṣù kan tí sẹ́nétọ̀ kan fi dìde láàárín ilé, ó ní wọ́n ti gba ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ òun. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn àgbà ilé fèsì pé àwọn ti mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn. Ìbọn 3,907 dúró ní ọdún márùn-ún. Ọlọ́pàá kan kò dúró di ọ̀la.

Ohun tó sì lè tún àgọ́ ọlọ́pàá ṣe kò gba owó púpọ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú òfin ìdájọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ọdún 2015. Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti ṣe òfin irú rẹ̀ láti 2007. Òfin 2015 yẹn ní kí àgọ́ ọlọ́pàá kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìgbàwé àṣẹ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí májísíréètì lóṣooṣù. Ó ní kí májísíréètì fúnra rẹ̀ lọ bẹ àwọn àgọ́ àgbègbè rẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó yẹ ìwé wò, kó wo ẹni tó wà ní sẹ́ẹ̀lì, kó sì fún ẹni tó bá yẹ ní béèlì. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè dá ènìyàn dúró bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Síbẹ̀, nínú ẹni mẹ́ta tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, bí méjì ni wọn ò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Owó mọ́tò májísíréètì àti àkókò rẹ̀ ni àbẹ̀wò yìí ń ná ni. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin lè pe àwọn adájọ́ àti ọlọ́pàá pọ̀ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ní: ẹ kó ìwé àbẹ̀wò oṣù mẹ́fà jáde. Bí ìwé kò bá sí, ìdáhùn ti jáde nìyẹn.

Ìdìbò ọdún 2027 kò jìnnà mọ́. Ọlọ́lá yóò dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì péré kó tó sọ̀rọ̀: lítà epo mélòó ni àgọ́ ọlọ́pàá wa gbà lóṣù tó kọjá, ọjọ́ wo ni májísíréètì sì débẹ̀ kẹ́yìn? Bó bá ní òun yóò gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ má dìbò fún un.