Ọ̀kadà Kì Í Darúgbó

Láti Òsì dé Ìlọ́fà ní Kwara, ọ̀kadà kì í kú. Honda CG125 tó ti wà láyé láti 1976 lè gba ẹ́ńjìnnì Ṣáínà, táǹkì Boxer àti iná tuntun tó ń ṣẹ́jú. Orúkọ nìkan ló kù tó jẹ́ ti Honda. Wẹ́dà á wá jó irin ẹrù mọ́ ọn lẹ́yìn fún iṣu, ewúrẹ́ àti ìyá ọlọ́jà. Kò yani lẹ́nu pé ohun kan ń ru ohun púpọ̀ níbí. Ọmọ Odò-Ọwá ní agbègbè yìí ni Bámigbóyè, agbẹ́gilére tó gbẹ́ jagunjagun orí ẹṣin àtọ̀pọ̀ èrò sórí ère ọdún Ẹ̀pa kan ṣoṣo, tí ẹnì kan ń rù jó. Ẹ̀yin ọlọ́kadà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra búréèkì kẹ́ ẹ tó ra fèrè.