Ọmọ Tré Tó Ra Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti máa wa ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi kò ní kọrí sí Tré ní ilẹ̀ Benin. Àpáta ló wà níbẹ̀, àwọn òkè Dassa-Zoumè ló yí i ká, òkun sì wà lọ́hùn-ún ní Kútọnu, nǹkan bí 200 kìlómítà sí ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ ìlú náà kan tó ń gbé ní England dìde lọ́jọ́ kan, ó lọ ra ògbólógbòó ọkọ̀ ìgbafẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì bẹtiróòlù sórí odò Thames. Fọ́tò rẹ̀ dé orí WhatsApp ẹbí. Ìyá rẹ̀ kò béèrè iye tó rà á. Ohun tó bi í ni pé, “Ṣé wọ́n lé ọ jáde nílé ni?”

Ọkọ̀ náà dára lójú. Inú rẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Àwọn rọ́bà tó ń gbé epo láti tánkì lọ sí ẹ́ńjìnnì ti darúgbó. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10 sì ti di bẹtiróòlù tó wọ́pọ̀ jù ní England: ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń pọn láti ara ohun ọ̀gbìn, lè kó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọtí yìí a máa mú inú rọ́bà àtijọ́ wú, a máa sọ ọ́ di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́, rọ́bà á wá máa já wẹ́wẹ́ wọ kabúrétọ̀. Àwa tí a mọ ohun tí sódàbì, ọtí líle ilé wa, ń fojú ìfun rí, kò yà wá lẹ́nu.

Òfin ni kò jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Lókè Teddington lórí Thames, kò sẹ́ni tó lè forúkọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Environment Agency láìní ìwé ẹ̀rí Boat Safety Scheme, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Alàyẹ̀wò á tan tọ́ọ̀ṣì, á ka ohun tí wọ́n kọ sára rọ́bà: ISO 7840 A1, ìyẹn èyí tó lè wà nínú iná fún ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ kó tó jò, àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Rọ́bà ní ọdún ìbí lára! Nílé, àgbàlagbà ń bẹ tí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ kò sọ ju pé nǹkan bí ọdún 1950 ni wọ́n bí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Tré wo fídíò rọ́bà náà tó fi ránṣẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Gé orí tó ti gan yẹn dànù, kí o ti ìyókù bọ̀ ọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, wọn ò gbà bẹ́ẹ̀ níbí.”

“Àwọn wo? Ṣé àwọn ló ni ọkọ̀ ni?”

Ẹ̀gbọ́n kò kúkú sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Lára zem, ìyẹn ọ̀kadà wa, òkè ni tánkì wà, ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀, rọ́bà kékeré kan ló so wọ́n pọ̀ ní gbangba. Bó bá ń jò, itan ẹni tó gùn ún ló máa kọ́kọ́ mọ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbé òórùn rẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ ojú omi, abẹ́ pákó ni rọ́bà ń gbà lọ. Oru bẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Á rọra sọ̀ sí ikùn ọkọ̀, á jókòó síbẹ̀ de ẹni tó máa ṣáná. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà fi ń sọ fún awakọ̀ pé kí ó tan fáànù ikùn ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó kéré tán kó tó ṣí ẹ́ńjìnnì.

Ni ọmọ Tré bá dùbúlẹ̀ gbalaja, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó ń fi àkísà funfun nu rọ́bà kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé àkísà náà símú. Èyí tó bá ti rùn epo, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni èyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa epo: bó bá sán, afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé, ó lè má kán tó sílẹ̀ rárá, ẹ́ńjìnnì á kàn máa húkọ́. Èyí tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ ẹnu idẹ, wọn kì í lọ́ ọ tagbáratagbára. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń là á gbọọrọ, kí ẹnu idẹ má baà ṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ iye tí wọ́n ń ta mítà kan rọ́bà tuntun, ó ní kí ó tún un sọ.

Ṣùgbọ́n kí ará ilé má tíì rẹ́rìn-ín tán. Kpayo, ìyẹn bẹtiróòlù fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wá, tí a ń tò sínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ibo ló ń sùn bílẹ̀ bá ṣú? Nínú yàrá ni, nítòsí ẹní, ìgbà mìíràn nítòsí ààrò. Yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ikùn ọkọ̀ lójú oru epo, kò sì sí fáànù níbẹ̀, kò sí alàyẹ̀wò. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí gbiná ní Sèmè-Kraké lẹ́nu ibodè. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó kú.

Ẹ̀yin ará òkèèrè tẹ́ ẹ ń bọ̀ wálé fún ìrìnàjò mímọ́ Arigbo ní Dassa-Zoumè lóṣù kẹjọ, ẹ dín ṣokoléètì kù, kí ẹ fi mítà díẹ̀ rọ́bà epo tuntun sẹ́rù fún àwọn mẹkáníìkì wa. Kò wúwo, kò sì ní yọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta kpayo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e kúrò níbi tí àwọn ọmọ ń sùn.