Ewúrẹ́ Èpìnmì

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé ní Kent ló fà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, a kì í jẹun tán kí wọ́n má tíì ròyìn ògiri funfun etí òkun Dover tàbí kàtídírà Canterbury. Ó sú mi. Mo ní, "Bùọ̀dá, lọ́la, n ó mú yín wo Àkókó." Èmi ọmọ Ìkàrẹ́ tí kì í kọjá Àkùngbá!

Òkè Òkà la kọ́kọ́ gùn. Gbogbo òru ni mo fi há ọ̀rọ̀ àpáta sórí, àmọ́ nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò, tí tírélà kan sì ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú wa, mo dijú. Bùọ̀dá ló ń fi àpáta hàn mí. Wọ́n ní ó rẹwà. Mo dúpẹ́ bí ẹni pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

Ǹ bá ti dá ọkọ̀ padà. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu, a sì forí lé Èpìnmì, lápá ibi tí Àkókó ti ń súnmọ́ ilẹ̀ Ẹdó. Lọ́nà, mo ní, "Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin la pín sí, àmọ́ èdè kan náà là ń sọ. Ẹ ṣáà ti tẹ́tí dáadáa."

Nígbà tí a débẹ̀, ìyá àgbà kan ń sá láfún. Wọ́n wò wá, wọ́n sì pariwo nǹkan kan. Mo túmọ̀ rẹ̀ kíá: "Wọ́n ní ẹ káàbọ̀, ẹ wá jókòó." Bùọ̀dá ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó. Ni ọmọdékùnrin kan bá fi igi lé ewúrẹ́ gba àárín wa kọjá.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ìyá wí, Yorùbá wọn já gaara ju tèmi lọ, "ewúrẹ́ ni mo ní kó lé. Ta ló ní kí ẹ jókòó lórí láfún mi?"

Bùọ̀dá dìde. Ìdí ṣòkòtò wọn funfun bí etí òkun Dover.

Ukue lèdè tí ìyá ń sọ, Ehueun wà nítòsí rẹ̀, àwọn ará Ìsùà sì ní Uhami tiwọn. Mọ̀lẹ́bí èdè Ẹdó ni gbogbo wọn. Mo sanwó láfún. Ìyá kọ́ mi ní ìkíni kan. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n bẹ̀ mí kí n dákẹ́, ọmọ-ọmọ àwọn ń gbọ́.

Bùọ̀dá ò sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Òkè Òkà. Wọ́n wá bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń pe ewúrẹ́ ní Ukue?"

Mo ní, "Ẹ wo àpáta." Mo tún dijú.